Oúnjẹ Kò Gbọdọ̀ Wọ Ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tó bá tún pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́rẹ́ níṣojú mi, kó yáa mọ ibi tó máa sá gbà. Ẹnu mi ò dáa, gbogbo ilé ló mọ̀. Àtìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí sì ti bẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Tí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Tí mo bá dìde, mi ò ní rántí ohun tí mo dìde ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, bóyá ara á fúyẹ́.

Aránṣọ ọmọdé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù wa: máṣíìnì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ gbọọrọ láàárín, jígí ńlá lára ògiri, àti àpótí onígi kan níwájú jígí náà. Òun ló ń gé, òun ló ń rán. Èmi ni mo ń ṣẹ́tí, tí mò ń gán bọ́tìnnì, tí mo sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ tó bá ti parí. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ṣeré rárá: oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òróró kán sára aṣọ funfun oníbàárà kan, ariwo tí obìnrin yẹn pa lé e lórí kò kúrò létí rẹ̀ di òní. Bísíkíìtì o, ọsàn o, kò sí èyí tó ń wọlé. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á wá na ọrùn wọlé bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan.

Ọmọ wọn kan ṣoṣo ni Abẹ́rẹ́. Láti kékeré ló ti gùn, tó tín-ín-rín, ni baba rẹ̀ bá ní inú páálí abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ ló ti bọ́ síta. A rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe fún wa. Obìnrin kan wà tó ní bùtíìkì aṣọ ọmọdé, Oníbùtíìkì la máa ń pè é. Kó tó lè ní ká rán ọ̀pọ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rán ẹyọ kan, ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Àpẹẹrẹ la máa ń pè é. Kì í sì wo àpẹẹrẹ lórí ìkọ́. Ó ní àfi kí òun rí i lára ọmọ, kí ọmọ náà yípo, kó jókòó, kó gbọ́wọ́ sókè. Láti ìgbà tí Abẹ́rẹ́ ti tó ìwọ̀n yẹn ló ti ń gun àpótí fún wa.

Ẹ ò rí ẹ̀gbọ́n mi lójú iṣẹ́ rí. Tó bá ti jókòó sídìí máṣíìnì, tí ilé bá ń jó, á ní ká jẹ́ kí òun parí ọrùn aṣọ náà ná. Ọmọ á ti iléèwé dé, á kí i, kò ní gbójú sókè. Ṣùgbọ́n tí Abẹ́rẹ́ bá ti gun àpótí, ìyá á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, píìnì á wà lẹ́nu rẹ̀, á máa fọwọ́ tẹ́ èjìká rẹ̀, á máa yí i díẹ̀díẹ̀. "Yípo, ọmọ mi. Gbé àgbọ̀n sókè. Háà, o mà rẹwà o." Mo máa ń rí ojú ọmọ náà nínú jígí. Ẹni tí wọ́n fún ní gbogbo ayé ò lè ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wọ ọdún kejìlá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ṣáájú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Àyà ń yọ, ìbàdí ń gbòòrò. Baba rẹ̀ ti ìrìn àjò dé lọ́jọ́ Sátidé kan, a ń jẹun, ó wò ó tán, ó ní, "Háà! Abẹ́rẹ́ mi ti di òpó iná!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó wá rọra dá ẹran ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́.

Ìyá rẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi àti ikùn rẹ̀ ti ń jà láti ọjọ́ tó ti bímọ. Kì í jẹun àárọ̀. Omi gbígbóná ló ń mu, á wá dúró níwájú jígí ńlá yẹn, á gbé bùláòsì sókè, á fi ọwọ́ méjèèjì mú ikùn, á pòṣé. "Wo ikùn bí àpò ìrẹsì." Àràárọ̀ ni. Ọmọ á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fọ eyín, tó ń wò ó. Tó bá tún dé iléèwé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ti gba fóònù ẹ̀gbọ́n ẹnì kan, wọ́n á máa wo àwọn obìnrin tí ikùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń ṣàlàyé oúnjẹ tí àwọn kì í jẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Oníbùtíìkì wá wo àpẹẹrẹ tuntun, síìpù gun ẹ̀yìn ọmọ dé àárín, kò gùn mọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tọ́ ọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Àpẹẹrẹ mi ti ń sanra o! Tó bá tún fẹ̀ sí i, màá kúkú máa mú ọmọ àbúrò mi wá, ìyẹn ṣì rí pẹlẹbẹ."

"Ẹ fara balẹ̀, mà," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, tó ń yọ píìnì. "Màá bá a sọ̀rọ̀."

Màá bá a sọ̀rọ̀! Bí ẹni pé eegun ọmọ ló ya aláìgbọ́ràn. Ó yẹ kí wọ́n rí ojú ọmọ náà nínú jígí lọ́jọ́ yẹn. Àwọn méjèèjì, síìpù ni wọ́n ń wò.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀nà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Tó bá wà nílé, á ní òun ti jẹun níléèwé. Tó bá wà níléèwé, á ní oúnjẹ ń dúró de òun nílé. Tó bá sì ti bọ́ aṣọ iléèwé báyìí, inú ṣọ́ọ̀bù ló gbà lọ. Á máa ṣa píìnì nílẹ̀, á máa to òwú, á máa gbá àjákù aṣọ jọ. Mo bá ní kó wá jẹun, á ní, "Àǹtí, mò ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọn kì í jẹun níbí."

Ẹ̀gbọ́n mi á wá máa yangàn. "Wo ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níta tí wọ́n ń sáré kiri."

Àwọn aládùúgbò náà ò ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ọmọbìnrin yìí mà ń dára sí i o! Kí ló ń lò?" Orí ọmọ náà á wú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, omi nìkan ló máa mu.

Ara mi ò gbà á mọ́. Ooru ń mú, ó ń wọ súwẹ́tà. Mò ń bá a ya irun, irun ń bá kóòmù bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù ṣáá. Ọmọ tó máa ń bá mi ṣeré wá di ẹni tó ń jágbe mọ́ mi nítorí òróró inú ọbẹ̀. Ìgbà tí àyà mi wá já pátápátá ni àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù láìkan ìlẹ̀kùn. Ó dúró síwájú jígí. Ó gbé bùláòsì sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ẹran lára ikùn rẹ̀, níbi tí kò ti sí nǹkan kan, ó wá pòṣé. Òṣé ìyá rẹ̀ gan-an ni.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ò jẹun."

"O ti tún dé," ó ní. "Ọmọ tó ń dàgbà ni. Ìwọ náà jẹ ẹ̀wà nígbà tó o wà ní ọjọ́ orí rẹ̀? Ṣebí o máa ń dà á fún ajá ni."

"Ọ̀rọ̀ ajá kọ́ leléyìí. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má fi téèpù kàn án o, ọwọ́ yín ni mo ní kí ẹ fi kàn án."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ náà tún gun àpótí láti wọ àpẹẹrẹ gáàùn funfun kan, ti àwọn ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyàwó, ó na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọmọ náà lóòótọ́. Ó ń bá egungun pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan. Píìnì jábọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ síìpù kò sì padé! Ṣé ẹ rí ohun tó ń dùn mí? Èjìká ló ti gbòòrò, egungun ló ti gùn, kò sì sí ẹni tó lè febi pa egungun títí tó máa fi kúrú. Àmọ́ ta ni ọmọ náà máa gbà gbọ́? Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́: "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, jẹun. Kí lo fẹ́ jẹ? Sọ ọ́, màá sè é." Ọmọ náà ní, "Tí síìpù yẹn bá ti padé, Màmá, màá jẹun. Mo ṣèlérí."

Aránṣọ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe tí ẹ̀gbọ́n mi wá ṣe yìí. Dípò kó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, gáàùn ló gbé. Nígbà tí ọmọ wà níléèwé, ó mú abẹ kékeré tá a fi ń tú ìránpọ̀, ó tú ẹ̀gbẹ́ gáàùn náà lápá méjèèjì, ó fẹ̀ ẹ́, ó tún un rán. Ìgbà tó gbé e fún mi pé kí n lọ̀ ọ́ ni mo rí ojú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìránpọ̀ tuntun.

"Ẹ tú u?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni."

"Ọmọ aránṣọ ni o, ẹ̀gbọ́n mi! Inú àjákù aṣọ ló dàgbà sí. Ẹ rò pé kò ní mọ̀?"

"Tó bá ti jẹun, kò sí èyí tó kàn mí." Omi ti dúró lójú rẹ̀. Mo fi ìka ra ojú ihò wọ̀nyẹn, mo tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú ihò abẹ́rẹ́ lára aṣọ dídán kì í pa rẹ́.

Ọmọ dé, ó wọ̀ ọ́, síìpù gùn dé òkè láìdúró. Ẹ wá wo ẹ̀rín! Ó yípo lórí àpótí títí òyì fi ń kọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jẹ búrẹ́dì níṣojú wa, ó mu tíì onímílíìkì. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí láti òdìkejì tábìlì bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Kò tọ́jọ́. Nígbà tó ti iléèwé dé lọ́jọ́ kejì, mo wà nídìí áyọ́ọ̀nù, ó ní òun fẹ́ gbé gáàùn náà kọ́ dáadáa. Ó yí i padà, inú bọ́ síta. Ó dúró. Ó na ọmọ ìka kan, ó ń tọ ojú ihò wọ̀nyẹn lọ láti abíyá dé ìbàdí. Kò wò mí. Kò sunkún. Ó yí gáàùn náà padà bó ṣe wà, ó gbé e kọ́, ó ní, "Ó dáa, Àǹtí," bẹ́ẹ̀ mi ò bi í ní nǹkan kan. Láti ìgbà náà, tíì tí kò ní ṣúgà pàápàá di ìjà.

Ọjọ́ tí Oníbùtíìkì wá wo gáàùn ọ̀hún ni ọmọ náà ṣubú. Ó gun àpótí, obìnrin náà ní, "Ẹn-ẹn! Ṣé ẹ rí i pé ó ti padà sípò?" Ó ní kó gbọ́wọ́ sókè. Ó gbọ́wọ́ sókè. Ó ní kó yípo. Ó yí dé ìdajì, ojú rẹ̀ yí, ó sì já lulẹ̀ gbì láàárín wa. Mo pariwo. Oníbùtíìkì ń sọ pé, "Kí ló ṣe é? Kí ló ṣe é?" Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la gbé e wọ takisí, tòun ti gáàùn funfun lọ́rùn. Ó fúyẹ́ débi pé èmi nìkan ì bá gbé e. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí títí di ìsinsìnyí.

Obìnrin ni dókítà tó tọ́jú rẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Dókítà wá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Agídí kọ́ ló ń ṣe," ó ní. "Àìsàn ni, ó sì ń pa èèyàn tí wọn ò bá tètè mú un. Ẹ máa gbé e wá déédéé, nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan kọ́. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ eré, ì báà jẹ́ yíyìn lẹ fẹ́ yìn ín. Ẹ bá a jókòó, kẹ́ ẹ jọ máa jẹun." Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀yin, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

Ọmọ náà ló sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Màmá, ẹ tú gáàùn yẹn. Mo rí ojú ihò rẹ̀."

"Mo fẹ́ kó o jẹun ni, ọmọ mi."

"Tí mo bá tóbi, ọmọ àbúrò Oníbùtíìkì ló máa gun àpótí. Ẹ̀yin á sì máa wo ọmọ yẹn." Ó yíjú sí ògiri. "Ẹ kì í wò mí níbòmíràn."

Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn débi pé mo fẹ́ já àpò ọwọ́ rẹ̀ gbà kí n sọ ọ́ síta. Mo tún wo ojú rẹ̀, àánú ṣe mí. Ó dúró síbẹ̀, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fà á yọ, ó ká a, ó wá ibi tó máa fi í sí, kò rí.

Wọ́n dá wa sílẹ̀ níkẹyìn. Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀ o. A ń lọ rí dókítà, à ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan á gba ṣíbí ìrẹsì díẹ̀, lọ́jọ́ kejì á pa eyín pọ̀. Baba rẹ̀ kò lọ sírìn àjò, inú ilé ló ń rìn yíká bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin, kò sì dẹ́fẹ̀ mọ́. Ibi tó sì burú sí ni pé tá a bá ti ń gbé abọ́ jáde báyìí, ọmọ náà á yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni oúnjẹ kò lè bá a dé. Òfin ìyá rẹ̀ ló sá sábẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ́ aṣọ funfun Oníbùtíìkì sórí tábìlì ìgéṣọ, aṣọ dídán gbọọrọ, kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Ọ̀sán ni obìnrin náà ní òun ń bọ̀. Èmi wà nídìí bọ́tìnnì. Ọmọ jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa píìnì. Mo ti dín ẹyin sí kíṣìnnì, búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó jáde. Nígbà tó padà, abọ́ ẹyin àti búrẹ́dì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó wọlé, ó gbé e ka orí tábìlì, lórí aṣọ funfun náà gan-an.

Mo fò sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ̀ ń ṣe? Aṣọ oníaṣọ!"

"Jókòó," ó ní.

Ó fa àga, ó jókòó. Ó fa búrẹ́dì ya, ó fi kó ẹyin, ó gbé e sẹ́nu. Láàárọ̀! Obìnrin tí mi ò rí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ láti ìgbà tó ti bímọ. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ egbòogi, òróró ń kán láti ìka rẹ̀, to, to, sórí aṣọ.

Ọmọ náà ti dìde. "Màmá! Òróró!" Ó nawọ́ mú ṣọ́ọ̀kì, nítorí bá a ṣe kọ́ ọ nìyẹn: tí àbààwọ́n bá bọ́ sára aṣọ, ká yára fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ká lè rí i fọ̀. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú.

"Jẹ́ kó kán. Ibí la ó ti máa jẹun báyìí." Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí onígi náà wá sídìí tábìlì. "Jókòó lé e. Má dúró. Jókòó. Èmi ni mo fẹ́ wò ọ́."

Ọmọ náà jókòó sórí àpótí tó ti máa ń dúró lé. Ìyá ò wo ikùn rẹ̀, kò wo èjìká rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ń wò, ó sì ń jẹun lọ. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà wo búrẹ́dì, ó wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó wo àbààwọ́n tó ń fẹ̀ lórí aṣọ funfun. Ó ya búrẹ́dì díẹ̀, kò ju èékánná lọ. Ó fi kan ẹyin. Ó gbé e sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ títí, títí, mo rò pé kò ní gbé e mì láéláé.

Ó gbé e mì.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù," ó ní.

Ẹ gbà mí! Láti oṣù mélòó kan, ọmọ yìí ò sọ bí oúnjẹ kankan ṣe rí lẹ́nu rẹ̀. Inú bí mi, inú mi dùn, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. "Èmi ni mo dín in," mo ní. "Tó o bá mọ̀ ọ́n dín jù mí lọ, wọ kíṣìnnì lọ́la."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún ya òmíràn. Ìgbà yẹn ni Oníbùtíìkì kanlẹ̀kùn, ó dé ṣáájú ọ̀sán tó dá. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ náà wò ó pẹ̀lú, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ dúró síta, mà," ó pariwo. "À ń jẹun lọ́wọ́."